“It Should Be Noted That…”: Ta Ni Wọ́n Ń Bá Wí?

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tó ń wọ inú ilé wa, ì báà jẹ́ láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, láti báǹkì tàbí láti ọ̀dọ̀ onílé, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí kì í wọ́n: “It should be noted that…” Ọmọ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà lè kà á fún ìyá àgbà geere láìkọsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá béèrè pé, “Ta ni wọ́n ní kó ṣe kí ni?”, ọmọ á dákẹ́. Kì í ṣe pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Gbólóhùn náà gan-an ni kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Fún àwa tí a ń gbé ní Kánò, Jọ́ọ̀sì, Àbújá tàbí Accra, ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti ilé ìwé. Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba Nàìjíríà àti ti Ghana fi ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, òun náà ni wọ́n sì sábà fi ń kọ àdéhùn ilé. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí irú gbólóhùn yìí ń gbé ènìyàn pamọ́ sí lè pàdánù owó, ó sì lè jẹ̀bi ohun tí kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ní kó ṣe.

Gbólóhùn kan, ibi mẹ́ta tí orúkọ ti sọnù

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan tí a ṣe fúnra wa, irú èyí tí ayálégbé lè rí gbà:

“It should be noted that all repairs must be carried out before 31 March and that the caution fee may not be refunded.”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹni tó kọ ọ́ fo orúkọ. Lákọ̀ọ́kọ́, ta ló yẹ kó mọ̀? Ayálégbé ni, nítorí òun ni wọ́n kọ ìwé sí. Ìyẹn rọrùn. Lẹ́ẹ̀kejì, ta ni kó ṣe àtúnṣe? Onílé ni àbí ayálégbé? Ìwé kò sọ. Bí òrùlé bá ń jò, ẹnì kan ló máa ra páànù, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì lè máa nàka sí ara wọn títí òjò á fi dé. Lẹ́ẹ̀kẹta, “may not be refunded” ní ìtumọ̀ méjì. Ó lè jẹ́ pé owó náà kò gbọdọ̀ padà rárá. Ó sì lè jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kó má padà, èyí tó fi hàn pé ó tún ṣeé ṣe kó padà. Ta ló máa pinnu? A kò rí i níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, a di odidi. Òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ owó ilé kì í ṣe ibi tí a ti ń sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀.

Bí wọ́n ṣe tò ó

“You should note that the gate closes at 8.” Níbí, “you” wà níwájú, ó hàn gbangba pé ìwọ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di “It should be noted that the gate closes at 8”, ọ̀rọ̀ géètì kò yí padà, “you” nìkan ló pòórá. “It” tó gba ipò rẹ̀ kò tọ́ka sí ohunkóhun, bí “ó” tiwa nínú “Ó dára pé ẹ wá” kò ṣe tọ́ka sí nǹkan kan. “Should” ń sọ bí ọ̀rọ̀ náà ti lágbára tó, “be noted” gbé iṣẹ́ kalẹ̀ láìsí òṣìṣẹ́, “that” sì wá ṣílẹ̀kùn fún ìyókù ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà báyìí. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ní “My money was stolen”, àwa á ní “Wọ́n jí owó mi”, kódà bó bá jẹ́ olè kan ṣoṣo ló jí i. “Wọ́n” yẹn kàn di àyè mú ni, kí ibẹ̀ má baà ṣófo. Èdè Faransé tí àwọn ará wa ń sọ ní Kútọnu àti Lomé náà ní “on” tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ “It should be noted that” ní Yorùbá ní láti yan ẹnì kan: ó yẹ kí ẹ mọ̀, ó yẹ kí a mọ̀, tàbí ó yẹ kí àwọn òbí mọ̀.

Àǹfààní ńlá lèyí jẹ́ fún wa. Bí ìwé Gẹ̀ẹ́sì bá rú yín lójú, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá sókè ketekete. Ibi tí ẹ bá ti ń wá ẹni tí ẹ máa fi sí i tí ẹ kò rí, ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè wà.

Ibì kan wà tí èdè méjèèjì ti sún mọ́ra, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ “ṣeé”. Omi yìí ṣeé mu. A kò sọ ẹni tó máa mu ún. Bákan náà ni “It cannot be denied that” ṣe bá “Kò ṣeé sẹ́ pé” mu régí.

Must, should, can: agbára wọn kò dọ́gba

“It must be noted that” ló le jù: ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé. Bí ẹ bá rí i, ẹ mú bírò, kí ẹ fa ilà sí i lábẹ́.

“It should be noted that” jẹ́ “ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé”. Ẹ má fojú kékeré wò ó o. Nínú ìwé ọ́fíìsì, àṣẹ ló sábà máa ń jẹ́, ọ̀wọ̀ ni wọ́n kàn fi bò ó.

“It can be argued that” túmọ̀ sí pé ènìyàn lè sọ pé. Ẹni tó kọ ọ́ kò tíì sọ pé òun gbà bẹ́ẹ̀. Bó bá lo “could” tàbí “might”, ọ̀rọ̀ náà tún rọ̀ sí i. Ẹ máa retí “but” láìpẹ́.

“It would be recalled that” ni àwọn ìwé ìròyìn Nàìjíríà fẹ́ràn jù: ẹ ó rántí pé. Wọ́n fi ń mú ìtàn ẹ̀yìn wá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn sábà máa ń fi “will” síbẹ̀ dípò “would”.

“That” kan, iṣẹ́ méjì

Yorùbá ní “pé” fún ohun tó rí bẹ́ẹ̀, ó sì ní “kí” fún ohun tí a fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. “That” ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún méjèèjì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣubú.

“It should be noted that every pupil brings a mat”: ó yẹ ká mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan máa ń mú ẹní wá. “It must be insisted that every pupil bring a mat”: a gbọ́dọ̀ tẹnu mọ́ ọn kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ẹní wá. “S” wà lára “brings” àkọ́kọ́, kò sí lára “bring” kejì. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ báyìí: bí “that” bá jẹ́ “pé”, kí ọ̀rọ̀-ìṣe wọ aṣọ rẹ̀ bó ṣe ń wọ̀ ọ́; bó bá jẹ́ “kí”, kí ó wà lásán.

Fún àwọn tó ń kọ àròkọ

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni “It should be note that” àti “It can be argue that”. Yorùbá ló ń fà á, nítorí “mo rí i” kì í pààrọ̀ aṣọ, ì báà jẹ́ lánàá tàbí lónìí. Lẹ́yìn “be”, “noted” àti “argued” ló tọ́. Èkejì ni “As it can be seen that”, tó jẹ́ pé gbólóhùn méjì ni wọ́n dà pọ̀. Kí ọmọ mú ọ̀kan: “It can be seen that the water is dirty” tàbí “As can be seen, the water is dirty”.

Kí ọmọ má sì rò pé bí gbólóhùn yìí bá ti pọ̀ tó ni máàkì á ṣe pọ̀ tó. Àwọn tó ni èdè pàápàá ti ráhùn. George Orwell, òǹkọ̀wé ará Bìrìtìkó, kọ ọ́ ní 1946 pé bí ènìyàn bá lè sọ ẹni tó ṣe nǹkan, kó sọ ọ́. Ní 1979, wọ́n dá Plain English Campaign sílẹ̀ níbẹ̀ láti bá àwọn ìwé ìjọba tí kò yé ará ìlú jà. Amẹ́ríkà sì ṣe òfin ní 2010 pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kọ ìwé tó máa yé ènìyàn.

Síbẹ̀, ó níbi tó dára sí. Nínú ìdánwò sáyẹ́ǹsì, “It can be seen that the litmus paper turned red” tọ́, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá wò ó ló máa rí i. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn, kí ọmọ sọ ẹni tó ń jiyàn. “Many parents argue that” dára ju “It can be argued that” lọ, bó bá jẹ́ pé àwọn òbí ló ń sọ ọ́.

Bí ìwé bá dé

Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó fọwọ́ sí i: Ta ni kó ṣe é? Ṣé dandan ni? Ta ló máa pinnu? Bí ìdáhùn kan bá ṣófo, ẹ kọ ìwé padà, kò pọn dandan kó gùn: “Please, who will carry out the repairs? Who decides whether the caution fee is refunded?” Kì í ṣe àfojúdi. Kí ẹ sì gba ìdáhùn náà lórí ìwé, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dúró bí ọjọ́ owó bá pé.