Kámẹ́rà Bàbá Kò Tíì Bàjẹ́: Ẹ Yẹ Fíìmù Rẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Tà Á

Nínú ọ̀pọ̀ ilé láàrin wa, kámẹ́rà àtijọ́ kan wà nínú àpótí, tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n gbé láti ilé wá. Láyé ìgbà tí fọ́tò dúdú àti funfun gbòde, kámẹ́rà olójú méjì bíi Rolleiflex àti Yashica-Mat ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán fi ń jẹun. Ayàwòrán á tẹrí ba, á máa wo gíláàsì orí rẹ̀, á ní, “Ẹ má mira o!” Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn fíìmù tún ń wá wọn rà.

Ohun tó mú wa kọ èyí ni Yashica-Mat 124G kan tí wọ́n gbé wá sí ìpàdé wa. Ẹni tó ni ín ní ó ti bàjẹ́: fọ́tò 12 ló yẹ kó yà, ṣùgbọ́n òǹkà rẹ̀ ń lọ sí 13, 14. Oníṣòwò kan sì ti fẹ́ fi owó táṣẹ́rẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. A ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà náà, a ò rí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀.

Fíìmù tí wọ́n ń pè ní 120 ti wà láti 1901, fọ́tò onígun mẹ́rin 12 ló ń gbà. Ní 1965 ni 220 dé, ìyẹn gùn ní ìlọ́po méjì, ó ń gba 24. Yashica yìí ń lo méjèèjì. Irin pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a máa ń sún láti yan 12 tàbí 24. Ẹnì kan ti sún un sí 24, fíìmù 120 ló sì wà nínú rẹ̀. A sún un padà sí 12, ọ̀rọ̀ parí. Nítorí náà, kí ẹ tó gbà pé kámẹ́rà bàjẹ́, ẹ yẹ bí a ṣe fi fíìmù sí i wò. Ìlànà tí àwa ń tẹ̀ lé nìyí.

Èkíní, ẹ má sáré ṣí i. Bí òǹkà bá wà láàrin 1 sí 12, ó ṣeé ṣe kí fíìmù àtijọ́ wà nínú rẹ̀, ojú àwọn àgbà wa tó ti lọ sì lè wà lórí fíìmù náà. Ẹ bo lẹ́ńsì, ẹ máa tẹ bọ́tìnnì, ẹ máa yí i títí yóò fi parí. Nínú yàrá tó ṣókùnkùn ni kí ẹ ti yọ ọ́, kí ẹ gbé e lọ fọ̀.

Èkejì, ẹ má fi agbára yí i. Bí ọwọ́ tí a fi ń yí fíìmù bá kọ̀, ẹ kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì ìyàwòrán. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í yí mọ́ títí a ó fi ya fọ́tò tó wà níwájú. Ti Rolleiflex, a ó yí i síwájú títí yóò fi dúró, a ó sì dá a padà sẹ́yìn títí yóò fi dúró.

Ẹ̀kẹta, ẹ wá ọfà. Nínú Yashica, ọ̀pá òfìfo wà lókè, fíìmù tuntun wà nísàlẹ̀. Ẹ ki ẹnu bébà bọ ọ̀pá òkè, ẹ rọra yí i títí ọfà orí bébà yóò fi kan àmì tó wà létí kámẹ́rà. Ẹ dúró níbẹ̀, ẹ ti ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ wá yí i títí yóò fi dúró lórí 1. Bí ọfà bá kọjá àmì, fọ́tò ìkẹyìn lè bọ́ sóde fíìmù.

Ẹ̀kẹrin, Rolleiflex tó ń ka fíìmù fúnra rẹ̀ kò nílò ọfà. Àárín rólà méjì ni bébà gbọ́dọ̀ gbà kọjá, nítorí rólà náà ló ń mọ ibi tí fíìmù ti bẹ̀rẹ̀. Bí bébà kò bá gba ibẹ̀, òǹkà ò ní dé 1 láé, fíìmù yóò sì yí tán lásán.

Ẹ̀karùn-ún, àwọn kámẹ́rà Kodak kan ń lo 620, tí wọn ò ṣe mọ́ láti 1995. Fíìmù kan náà ni pẹ̀lú 120, ṣùgbọ́n ọ̀pá 620 tínrín. Bí ẹ bá fi tipátipá ki 120 bọ̀ ọ́, yóò le koko láti yí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi fíìmù kan tí kò wúlò dán an wò. Ṣé ó dúró lórí 1? Ṣé ó dúró lẹ́yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan? Ṣé ó yí fàlàlà lẹ́yìn 12? Kí ẹ wá fi fíìmù gidi ya, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ wo àlàfo àárín àwọn fọ́tò. Bí wọ́n bá gun ara wọn, tàbí tí ọwọ́ náà ń yọ̀, á jẹ́ pé gíríìsì inú rẹ̀ ti gan, tàbí eyín jíà ti jẹ. Iṣẹ́ ẹni tó ń tún kámẹ́rà ṣe nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́n epo sí i, yóò ṣàn dé ara lẹ́ńsì. Kí ẹ sì béèrè iye owó kó tó tú u.

Bí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ kọ òtítọ́: “A ti fi fíìmù dán an wò.” Ẹ fi àwòrán fíìmù tí ẹ fọ̀ hàn. Ẹni tó mọyì rẹ̀ yóò san ju owó èyí tí wọ́n pè ní àkúfọ́ lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ yín, bóyá ọ̀kan nínú wọn fẹ́ kọ́ ọ. Ẹni tó ni kámẹ́rà tá a sọ lókè kò tà á mọ́.

Bí tiyín bá ń dà yín láàmú, ẹ gbé e wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, a ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò.