Ẹ Má Fi Ìkánjú Rin Etí Òkun

Bí ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ mẹ́ta bá ní bọ́ọ̀sì tí ẹ lè tẹ́ ẹní sí, ẹ gbé sítóòfù àti kẹ́tùlù àlùwàlá sínú rẹ̀, kí ó di ilé yín, kí ẹ sì ti Ìwó lọ wo etí òkun. Ẹ ó la Ìbàdàn àti Èkó kọjá dé Àgbádárìgì, níbi tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a kọ́ parí ní 1845 ṣì dúró sí. Láti Sẹ̀mẹ̀, ẹ ó gba Kútọnu, Ouidah àti Grand-Popo títí dé Lomé.

Bí òjò bá ká yín mọ́ Àgbádárìgì, ẹ má yí padà. Oṣù kẹfà ni òjò etí òkun yìí ń pọ̀ jù. Ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, kí ó tó tún dé. Bí ẹ sì ti ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn ni ó ń dín kù: òjò Lomé lọ́dún kò ju nǹkan bí ìdajì ti Èkó lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sára! Ojú ọ̀run lè mọ́ kedere, kí òkun máa ru. Ìjì tó jà lọ́nà jíjìn réré ní gúúsù ni ó ń ti ìgbì náà wá. Ẹ jókòó sórí iyanrìn, ẹ má wọ inú omi.

Ọlọ́hun pàápàá sọ ìrun ràkáà mẹ́rin di méjì fún arìnrìn-àjò. Kí ni a wá ń kánjú sí? Àwọn ọmọ ń retí wa nílé. Ọlọ́hun á mú wa lọ, á mú wa bọ̀. Àmín.