Ta Ni Yóò Bá Wa Tún Irin Dókítà Ṣe?

Nídìí àgbẹ̀dẹ kan l'Áyétòrò ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àdá ni mo gbé lọ fún baba alágbẹ̀dẹ, kó bá mi pọ́n ọn, ni màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì bá yà síbẹ̀ pẹ̀lú àlùmọ́gàjí kan lọ́wọ́. Irú èyí tí wọ́n fi ń gé òwú tí dókítà fi rán ojú egbò ni, ó sì ti kúnu. Baba gbà á, ó gbé e sókè síbi tí oòrùn ti ń wọlé, ó ṣí i, ó pa á dé, ó wo àlàfo tíntín tó wà láàárín ojú rẹ̀ méjèèjì. Ó ní kí màmá má bínú, irin yìí kò gba iná òun. Ó wá fi kún un pé láyé bàbá òun, kò sí irin iṣẹ́ abẹ kankan ní gbogbo ilẹ̀ Yewa tí kì í gba ọwọ́ alágbẹ̀dẹ kọjá.

Òótọ́ ni baba sọ. Kí ọsibítù tó dé, olóòlà ni oníṣẹ́ abẹ wa. Òun ló ń kọ ọmọkùnrin nílà, òun ló ń kọ ilà ojú, òun náà ló ń fín kóló sára àwọn obìnrin Ọ̀họ̀rí, tí yóò sì fi èédú lílọ̀ ra á kó lè dúdú. Abẹ tó fi ń fín kóló là sí méjì lẹ́nu, ojú méjèèjì sì mú. Alágbẹ̀dẹ ló ń rọ ọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ló sì ń padà sí bó bá kúnu tàbí tó bá tẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá fi abẹ tó kúnu kọ nílà yóò joró ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì sí iye omi ìgbín tí wọ́n lè kán sójú egbò náà tí yóò tètè tù ú.

Ibi tí ìjà ti wá wọ̀ ọ́ ni pé ìdílé olóòlà ni màmá nọ́ọ̀sì ti wá. Bí baba ṣe ní àgbẹ̀dẹ ló bí iṣẹ́ abẹ, màmá kò gbà. Baba mú ìtàn tí gbogbo wa mọ̀ jáde: nígbà tí àwọn òrìṣà ń bọ̀ wá sáyé, igbó dí ọ̀nà, àdá òjé Òrìṣà-ńlá tẹ̀, irin Ògún nìkan ló la ọ̀nà. Ta ni ì bá rí abẹ mú dání bí Ògún kò bá rọ irin? Màmá kúnlẹ̀ kí baba, ó ní òun kò bá àgbà jiyàn, ṣùgbọ́n Ògún tí olóòlà ń bọ kì í ṣe Ògún mìíràn. Ó ní bí alágbẹ̀dẹ bá rọ abẹ tó nípọn jù, ṣe bí olóòlà ló ń dá a padà? Olóòlà ló ń sọ bí ẹnu rẹ̀ yóò ṣe rí àti bí yóò ṣe fẹ́lẹ́ tó. Ẹni tó mọ ibi tí irin ti ń dun aláìsàn ló ni irin. Baba fẹ́ná sí i pẹ̀lú ẹwìrì, ó ní obìnrin kì í mọ ìdí owú. Ọ̀rọ̀ náà gùn débi pé àdá mi tutù sílẹ̀.

Ọ̀dọ̀ màmá ni mo wà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí ilà ojú padà wá. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọlà sára ọmọ, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tó ń lo irin àti ẹni tó ń tún un ṣe máa ń jókòó sídìí iná kan náà nígbà náà. Ìyẹn ló bàjẹ́.

Lọ́dún 1895, Fadá Jean-Marie Coquard dá ọsibítù Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò l'Abẹ́òkúta, ọkọ̀ ojú omi sì ń kó irin dókítà wá láti òkè òkun. Nígbà tó yá, ọmọ Yorùbá náà di oníṣẹ́ abẹ. Dókítà Samuel Manuwa, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè FRCS, ṣe irú ọ̀bẹ kan fúnra rẹ̀ tó fi ń gé ẹran jíjẹrà kúrò lójú egbò adáàjinná. Ọgbọ́n kò wọ́n wa.

Bí a bá fẹ́ rí ibi tí ìtúnṣe lè gbé èèyàn dé, ẹ jẹ́ ká wo Sialkot, ìlú kan ní Punjab, tó wà ní Pakistan báyìí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ sáà Fadá Coquard náà ni àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà dá ọsibítù sílẹ̀ níbẹ̀. Irin bẹ̀rẹ̀ sí í kán, òkun sì jìn. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé dókítà gbé èyí tó kán lọ bá alágbẹ̀dẹ ìlú. Alágbẹ̀dẹ tún un ṣe, ó tún òmíràn ṣe, nígbà tó sì yá, ó rọ tuntun tó jọ ọ́, dókítà sì fi ṣiṣẹ́. Àwọn náà ń jiyàn lórí ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀: àwọn kan ní ọsibítù ló bí iṣẹ́ náà, àwọn mìíràn ní idà tí baba ńlá wọn ń rọ fún àwọn ọba Mughal ló bí i. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gba irin iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́ wọn. Lónìí, irin Sialkot ń lọ sí Amẹ́ríkà, ó ń lọ sí Jámánì pàápàá, níbi tí Gottfried Jetter ti dá ilé iṣẹ́ irin dókítà tirẹ̀ sílẹ̀ ní Tuttlingen lọ́dún 1867. Iṣẹ́ wọn kò ṣàìlábùkù: owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń san fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́, wọ́n sì ti ká ọmọdé mọ́ ìdí ẹ̀rọ níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìtúnṣe ni ilẹ̀kùn tí wọ́n gbà wọlé.

Kí ló dé tí tiwa fi tì? Irin fúnra rẹ̀ yí padà. Láti ìgbà tí Harry Brearley ti ṣe irin tí kì í dípẹtà ní Sheffield lọ́dún 1913, díẹ̀díẹ̀ ni irin dókítà di irú rẹ̀. Bí alágbẹ̀dẹ bá fi irú irin bẹ́ẹ̀ sínú iná èédú, líle rẹ̀ yóò lọ, ìpẹtà yóò sì rí i jẹ. Ìdí nìyẹn tí baba fi dá àlùmọ́gàjí màmá padà. Ṣùgbọ́n irin náà kò nílò iná. Ohun tó nílò ni òkúta ìpọ́n tó kúnná, ayùn kékeré, ọwọ́ tó mọ bí a ṣe ń tẹ ẹnu ẹ̀mú títí ojú rẹ̀ méjèèjì yóò fi pàdé, lẹ́yìn náà kí a fi ásíìdì fọ̀ ọ́ kó má baà dípẹtà. Bí a bá ti parí, a ó fi ẹnu ṣónṣó àlùmọ́gàjí náà gé aṣọ egbò fífẹ́lẹ́. Bó bá gé e láìfà á ya, ó ti dára.

Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2011 sọ pé nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ohun èlò ìṣègùn ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò rí já jẹ ni kò ṣiṣẹ́. Àwa náà wà níbẹ̀. Abẹ tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n ń sọ nù, mi ò bá a jà, nítorí àrùn inú ẹ̀jẹ̀. Àlùmọ́gàjí àti ẹ̀mú tó yẹ kó lo ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n ń jù sínú páálí nítorí pé ìdè rẹ̀ tú, ìyẹn ni mi ò lè gbà.

Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ kan wà ní ọsibítù LUTH, Ìdí-Àràbà l'Ékòó, tó ń kọ́ni ní ìtọ́jú ẹ̀rọ ìṣègùn. Poli Ìlaròó sì ti wà láti ọdún 1979, ó ní ẹ̀ka tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ irin. Ẹ̀yin alákòóso ọsibítù Ìlaròó, Ayétòrò àti Ìdírókò, ẹ má ju irin yín nù mọ́. Ẹ kó o jọ, kí ẹ pe àwọn olùkọ́ Poli, kí ẹ sì jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó ń lò ó jókòó ti ọmọ tó fẹ́ tún un ṣe. Ẹ má gbàgbé àwọn ọmọ alágbẹ̀dẹ náà, torí ọwọ́ wọn ti mọ irin kí wọ́n tó dé kíláàsì.