Báfù inú ilé: ọdún mélòó ló yẹ kó lò kí á tó pààrọ̀ rẹ̀?

Tí wọ́n bá ti ta kájú tán ní Ṣábẹ̀ẹ́, tí owó díẹ̀ bọ́ sọ́wọ́, ẹ máa rí bí ẹrù ṣe ń bọ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀ tó ń ti Kútọ̀nù bọ̀: páànù, bẹ́ẹ̀dì, alùpùpù, àti báfù. Báfù ńlá, dúdú, tí iná aláràbarà ń tàn lójú rẹ̀. Ti tẹ́lẹ̀ á wá lọ sẹ́yìn ilé, adìẹ á máa sùn lórí rẹ̀. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn náà, tuntun yìí náà á lọ bá a níbẹ̀.

Owó tó ń bá a lọ kì í ṣe kékeré. Owó ilé ìwé ọmọ wà nínú rẹ̀, owó àwọn tó máa bá wa ro oko wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí á jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò: ṣé lóòótọ́ ni báfù máa ń tètè gbó bẹ́ẹ̀, àbí àwa la kàn ń jù ú nù?

Ẹ jẹ́ ká ti fi èsì ṣíwájú. Báfù gidi tí wọ́n tọ́jú lè lo 20 ọdún, ó lè lo 30, kó sì máa kọrin lọ. Ohun tó ń kú nínú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo, èyí tí ẹni tó ń tún rédíò ṣe lè bá wa pààrọ̀.

Àwọn kan wà ní Faransé, ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Amẹ́ríkà, tí gbígbọ́ orin nínú ilé fẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹ̀sìn fún. « Audiophile » ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn kan nínú wọn ò lè jókòó jẹ́ẹ́: bí báfù tuntun bá ti jáde, wọ́n á ta èyí tó wà nílé, wọ́n á ra òmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí báfù wọn ti dàgbà ju ọmọ wọn lọ. Ilé iṣẹ́ Klipsch ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe báfù kan tí wọ́n ń pè ní Klipschorn ní 1946, wọn ò sì pa á tì. Ilé iṣẹ́ Quad ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé tiwọn jáde ní 1957, títí dòní làwọn èèyàn ṣì ń tún un ṣe tí wọ́n ń lò ó. Rédíò BBC náà ní kékeré kan, LS3/5A, tí wọ́n ṣe ní bí 50 ọdún sẹ́yìn fún iṣẹ́ inú ọkọ̀ wọn. Àwọn èèyàn ṣì ń wá a rà bí ẹni ń wá wúrà. Tí àwọn tó fẹ́ràn ohùn orin tó bẹ́ẹ̀ bá lè tọ́jú báfù àtijọ́, kí ló dé tí tiwa fi ń di ibùsùn adìẹ?

Ìdí tí báfù àtijọ́ fi ń bá tuntun dọ́gba ni pé ọgbọ́n tó wà nínú wọn kò yí padà. Àwọn méjì kan, Rice àti Kellogg, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní General Electric ní Amẹ́ríkà, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1925, òun náà la ṣì ń lò. Ẹ wò ó bí ìlù. Awọ kan wà níwájú tí wọ́n fi páálí tàbí ike ṣe. Lẹ́yìn awọ yẹn ni wáyà bàbà tín-tín-tín wà tí wọ́n wé róbótó, bọ́bìn nìyẹn. Bọ́bìn náà wọ inú àlàfo tóóró kan nínú òòfà. Bí áńplì bá rán iná sínú bọ́bìn, òòfà á tì í síwájú, á fà á sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, awọ á máa gbọ̀n, afẹ́fẹ́ á gbé e dé etí wa. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òòfà kì í ṣàárẹ̀ kíákíá, páálí náà kì í ṣàárẹ̀ tí omi ò bá kàn án.

Ohun tó ń ṣàárẹ̀ ni etí awọ. Ẹ fi ọwọ́ kan ibi tí awọ ti pàdé irin yíká, ẹ máa rí òrùka kan tó rọ̀. Tó bá jẹ́ rọ́bà, ó máa pẹ́. Tó bá jẹ́ « mousse », bíi ti inú tìmùtìmù, ooru àti ọ̀rinrin ló ń jẹ ẹ́. Ní ilẹ̀ òtútù ó lè lo ọdún 10 sí 15, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dọ̀ wa níbí, tí ọ̀rinrin òjò ń gbà á, tí ooru oṣù kẹta tún ń sè é, ẹ má retí tó yẹn. Á kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí oyin, lẹ́yìn náà á máa bu bí àkàrà tó gbẹ. Ìgbà yẹn ni ohùn ìsàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í há, tí báfù á máa gbọ̀n rìrì bí ẹni ibà ń ṣe, tí onílé á wá sọ pé « báfù yìí ti kú ».

Kò kú o. Òrùka yẹn nìkan ló kú. Wọ́n ń tà á lọ́tọ̀, ó sì rọjú gan-an sí báfù tuntun. Ẹni tó máa ṣe é á ha ti àtijọ́ kúrò, á nu gọ́ọ̀mù tó kù, á wọn fífẹ̀ awọ àti ti irin dáadáa, á lẹ tuntun mọ́ awọ, lẹ́yìn náà á lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin. Ibi tí ọgbọ́n wà ni kí bọ́bìn dúró láàárín gbùngbùn àlàfo òòfà. Tó bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa ha ògiri. Tí ẹ bá rí ẹni tó kánjú níbí, ẹ gba báfù yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Àìsàn kejì ni bọ́bìn tó jóná, àwa fúnra wa la sì máa ń dá a sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé áńplì tó lágbára jù ló ń pa báfù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n áńplì kékeré tí wọ́n yí dé òpin ń pa á jù. Bí áńplì bá ti dé ibi tí agbára rẹ̀ tán, kò ní dákẹ́. Á gé orí ohùn dànù, ohùn á máa ya bí aṣọ. Ohùn tó ń ya yẹn ló ń gbé iná tó pọ̀ lọ bá « tweeter », kékeré tó ń sọ ohùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òun ló máa kọ́kọ́ lọ. Ẹ ti rí i ní òde ìyàwó àti níbi ìsìnkú: bó bá di aago méjì òru, orin á ku « bùm bùm » nìkan, ọ̀rọ̀ orin ò yé ẹnikẹ́ni mọ́. Tí ẹ bá gbọ́ tí ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í ya, ẹ dá a padà díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó dún jù bẹ́ẹ̀, kó lọ yá ti àwọn onísonó tó ń ṣe òde. Ti inú ilé ò sí fún pápá.

Ẹ gbọ́ ti nọ́ńbà ara páálí náà. Wọ́n á kọ 1000 W, wọ́n á kọ 3000 W, báfù náà ò sì wúwo ju garawa omi kan lọ. Tí ẹ bá rí « PMPO » lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà, ẹ má kà á sí rárá. Èyí tó ní ìtumọ̀ ni « RMS », ìyẹn agbára tó lè gbé fún ìgbà pípẹ́. Kódà RMS náà ò tó ohun tí a ń rò: bí agbára áńplì bá di ìlọ́po méjì, décibel 3 péré ló fi ń lé, etí lè má tilẹ̀ fura. Kí etí tó sọ pé ohùn yìí ti di méjì, agbára ní láti di bí ìlọ́po 10. Ẹni tó ta báfù 50 W kó lè ra 100 W, àwọ̀ iná tó ń tàn níwájú nìkan ló rà.

Ìgbà mìíràn sì wà tí báfù ò ní àìsàn kankan. Wáyà ni wọ́n so sódì. Tí báfù bá jẹ́ méjì, kí pupa wọn lọ sí pupa, kí dúdú lọ sí dúdú. Tí wọ́n bá so ọ̀kan sódì, bí ọ̀kan ṣe ń jáde ni èkejì ń wọlé, ohùn ìsàlẹ̀ á sá lọ, èèyàn á rò pé báfù ti rẹ̀. Ẹ mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, ti 1,5 volt, ẹ fi wáyà méjì kan ẹ̀yìn báfù fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Tí bọ́bìn bá wà láàyè, á dún « tọ́ », awọ á mì. Tí + bátìrì bá wà ní pupa, awọ gbọ́dọ̀ jáde síta. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná náà lè wò ó: báfù tí wọ́n kọ 8 ohm sí lára máa fi nǹkan bíi 6 sí 7 hàn, ti 4 ohm á fi bíi 3 tó lé díẹ̀ hàn. Tí kò bá fi nǹkan kan hàn rárá, bọ́bìn ti já.

Ibi tí a gbé e sí náà ń jà. Tí báfù bá wọ igun ilé pátápátá, ohùn ìsàlẹ̀ á pọ̀ jù, á bo ọ̀rọ̀ orin mọ́lẹ̀. Ẹ fà á síwájú díẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ pé kò dáa. Ẹ má gbé e lé sìmẹ́ǹtì tútù nígbà òjò, igi rẹ̀ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi ṣe á mu omi, á wú. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi aṣọ bò ó nítorí eruku. Eku ńkọ́? Ihò ẹ̀yìn báfù ni wọ́n ń gbà wọlé, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí i.

Ti àwọn báfù kékeré tó ń lo Bluetooth yàtọ̀. Awọ àti òòfà inú wọn lè dáa, bátìrì ló máa ń kọ́kọ́ dá wọn dúró. Bátìrì lithium, bí a bá ti sá a kún tí a lò ó tán bíi 300 sí 500 ìgbà, kì í gba iná bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń sá a lójoojúmọ́, ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí pa, kò ṣeé tú. Lójú tiwa, ẹni tó bá ní báfù àtijọ́ tó dáa nílé, kó ra áńplì kékeré tó ní Bluetooth, kó so ó mọ́ ọn. Fóònù á máa kọrin Poly-Rythmo nínú báfù tí bàbá rà nígbà kásẹ́ẹ̀tì.

Ìgbà wo wá ló yẹ ká pààrọ̀ lóòótọ́? Tí igi bá ti wú tó ń tú, tí bọ́bìn basse ti jóná tí owó títún un ṣe sì sún mọ́ ti tuntun, tàbí tí ilé bá ti fẹ̀ ju ohun tí báfù náà lè kún lọ. Tí ẹ bá máa ra àlòkù tó ti Yúróòpù dé, ní Kútọ̀nù tàbí ní Paraku, ẹ mú orin tí ẹ mọ̀ dáadáa dání nínú fóònù, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ ṣí aṣọ iwájú rẹ̀, ẹ fi ìka kan etí awọ. Ẹ rọra tẹ awọ náà pẹ̀lú ìka mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan ń ha nínú rẹ̀, ẹ dá a padà fún un.

Ẹni tó bá sì fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ òrùka etí awọ kí ọdún tó dé, kó gbé e lọ ní oṣù kẹwàá. Ní oṣù kejìlá, gbogbo ayé ló ń gbé ti wọn wá, gọ́ọ̀mù sì nílò ọjọ́ kan gbáko kó tó gbẹ.