Ọgbà fún Ilé Tí Ajá Wà

Ẹ̀yin onílé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ajá tí kò ní ọgbà a máa rìn kiri ìgboro, níbi tí ajá dìgbòlugi ti lè bù ú jẹ. Bí àmì àrùn náà bá sì ti hàn lára ènìyàn, agbára káká ni onítọ̀hún fi lè yè.

Ẹ na àwọ̀n onírin yí àgbàlá ká, kí ẹ sì ri ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 1, nítorí ilẹ̀ oníyanrìn kò ṣòro fún ajá láti gbẹ́. Ẹ má ṣe lo wáyà ẹlẹ́gùn-ún. A máa ya ẹran lára.

Fún ẹwà, ẹ gbin akòko, igi tí a ń fi ewé rẹ̀ joyè, sí ìta àwọ̀n náà. Kì í gba àyè púpọ̀. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà òjò àkọ́rọ̀, yóò hù. Àwọn baba wa a máa fi làpálàpá sọgbà, nítorí ewúrẹ́ kì í jẹ ewé rẹ̀. Ṣùgbọ́n májèlé ni èso rẹ̀ fún ọmọdé àti ajá. Pẹ̀rẹ́gún pàápàá a máa mú kí ajá bì bí ó bá jẹ ẹ́.

Ẹ má sì ṣe gbàgbé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún ajá yín: ọgbà kò lè ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́.