Nígbà tí ọdún ìwé ilẹ̀ bá pé ní Gyel

Ẹni tó kọ́lé sí Gyel, ní ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Jos, lè gbé ibẹ̀ títí ewú fi gba orí rẹ̀, kó sọ ọmọ lórúkọ síbẹ̀, kó sì sin òbí rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Síbẹ̀, ìwé tó jẹ́rìí pé ilẹ̀ náà wà níkàáwọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí yóò parí. C of O là ń pe ìwé náà. Nínú àwọn ti àtijọ́ l'Ókè Ọya, a máa ń rí èyí tí wọ́n kọ 40 ọdún sí. Nínú ọ̀pọ̀ tòde òní, 99 ni. Àwọn onílé kì í sábà wo ibẹ̀. Wọ́n á wo orúkọ, wọ́n á wo òǹtẹ̀ gómìnà, wọ́n á sì tì í mọ́ inú àpótí.

Òkè Ọya gan-an ni ètò ilẹ̀ ọlọ́dún yìí ti wá. Ní 1910, ìjọba amúnisìn fi gbogbo ilẹ̀ Àríwá sábẹ́ àkóso Gómìnà. Òfin 1916 tún un tò, ìjọba Àríwá sì ṣe tirẹ̀ ní 1962. Nínú òfin 1962 náà, ọmọ ilẹ̀ ni ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ti inú ẹ̀yà Àríwá wá. Àwọn Yorùbá tó bá rélùwéè àti iṣẹ́ tánńganran gòkè wá sí Jos àti Bukuru wá bá ara wọn ní ọ̀nà méjì: ará Ìlọrin tàbí Ọ̀fà jẹ́ ọmọ ilẹ̀, nítorí abẹ́ Àríwá ni ìlú rẹ̀ wà, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tí ọ̀nà rẹ̀ kò jìnnà sí tiwọn, di àjèjì tó gbọ́dọ̀ tọrọ àṣẹ kó tó lè fi ilẹ̀ ṣe ohunkóhun.

Kì í ṣe àlejò nìkan ni ètò ilẹ̀ yìí ni lára. Àwọn Berom tó ni Gyel rí bí wọ́n ṣe gbẹ́ oko wọn di kòtò nítorí tánńganran, omi sì dúró sínú ọ̀pọ̀ kòtò náà títí di òní. Bí ìdílé Berom kan bá ń bẹ̀rù lónìí pé ilẹ̀ tó bá lọ kì í padà, ẹ má pè é ní agídí.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 1978, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ fi òfin kan gbé irú ètò Àríwá yìí ka gbogbo Nàìjíríà. Ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ gómìnà, kó máa tọ́jú rẹ̀ fún àwọn ará ìlú. Ilẹ̀ ìgboro di tirẹ̀ láti pín, ìjọba ìbílẹ̀ sì ń bójú tó ti ìgbèríko. Gyel ní méjèèjì: ìgboro Bukuru wà níbẹ̀, abúlé àti oko sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Abala 8 òfin náà sọ pé ẹ̀tọ́ tí gómìnà bá fúnni gbọ́dọ̀ ní iye ọdún pàtó. Bí ọdún náà bá wá pé ńkọ́? Òfin dákẹ́. Ó sọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú fún ilé tí ìjọba bá gba ilẹ̀ rẹ̀ nítorí ìlò ìlú, ṣùgbọ́n kò sí gbólóhùn kan tó sọ pé onílé ní ẹ̀tọ́ láti gba ọdún kún ọdún. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni mo kà sí àléébù tó tóbi jù nínú òfin náà.

Lójú ayé, onílé á kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ilẹ̀ ní Jos, níbi tí PLAGIS ti ń fi kọ̀ǹpútà tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Plateau. Wọn á béèrè ìwé àtijọ́, rìsíìtì owó ilẹ̀ ọdọọdún, ẹ̀rí owó orí àti àwòrán ilẹ̀ láti ọwọ́ awọnlẹ̀. Ohun tó máa ń dá ọ̀pọ̀ dúró ni orúkọ. Ẹni tó ra ilé lọ́wọ́ ẹlòmíràn ti gba ìwé àdéhùn, àwọn ẹlẹ́rìí ti fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò gba ìyọ̀ǹda gómìnà tí abala 22 béèrè. Nínú fáìlì, ẹni tó tà á ló ṣì ni ilẹ̀, ó sì lè ti kú. Ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ti sọ ọ́ ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, pé ẹni tó ti ní ilẹ̀ rẹ̀ kí òfin 1978 tó dé pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ìyọ̀ǹda yìí. Bí bàbá bá sì ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ nílò ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́ lórí ogún. Gbogbo èyí lè gba ọdún. Nítorí náà, ẹni tí ìwé rẹ̀ ku ọdún mẹ́wàá kò tètè jù.

Àwọn ènìyàn wa tó ra fúláàtì ní Peckham, ní England, mọ irú ilẹ̀ ọlọ́dún yìí, ṣùgbọ́n tiwọn ní ẹ̀tọ́ nínú. Òfin England ti 1993 fún onífúláàtì lágbára láti fi 90 ọdún kún èyí tó kù, kó má sì san owó ilẹ̀ ọdọọdún mọ́, bó bá ti san iye tó tọ́ fún onílẹ̀. Òfin 2024 sọ 90 náà di 990, díẹ̀díẹ̀ sì ni ìjọba ń mú un bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Onílẹ̀ lè jiyàn lórí iye owó. Kò sábà lè kọ̀.

Òfin ilẹ̀ wa wà lára ohun tí abala 315 ìwé òfin Nàìjíríà dáàbò bò, kò sì rọrùn láti yí. Ìgbìmọ̀ àtúnṣe ilẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje darí láti 2009 pàdé ìṣòro yìí. Ṣùgbọ́n abala 8 kan náà gba gómìnà láàyè láti bá onílé ṣe àdéhùn tí kò tako òfin. Gómìnà Plateau lè kọ ọ́ sínú C of O tuntun lónìí pé onílé tó san owó ilẹ̀ rẹ̀ déédéé yóò gba ọdún mìíràn nígbà tó bá béèrè. Kò nílò Abuja kó tó ṣe é.