Olùkọ́ Ni Àbí Nọ́ọ̀sì: Èwo Lowó Rẹ̀ Pọ̀ Jù?

Bàbá kan ní Ìfọ̀ fẹjọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ sùn wá. Ọmọ náà fẹ́ ṣe iṣẹ́ olùkọ́; bàbá ní nọ́ọ̀sì ni yóò kọ́, torí pé ibẹ̀ lowó wà. Ó ku díẹ̀ kí ilé dàrú. Ìdí nìyí tí a fi wo ọ̀rọ̀ owó oṣù yìí wò.

Ká má parọ́, bí àwọn méjèèjì bá wà lábẹ́ ìjọba, nọ́ọ̀sì ló sábà máa ń gbà jù. Láti ọdún 2010 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti ní àtẹ owó oṣù tiwọn, CONHESS. Ajẹmọ́nú wà lórí rẹ̀: ti iṣẹ́ òru, ti ewu. ₦5,000 péré ni ti ewu lóṣù kí ìjọba àpapọ̀ tó fi kún un lọ́dún 2021. Ẹni tó ń fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lóru kò sì gba owó yẹn lọ́fẹ̀ẹ́.

Olùkọ́ ńkọ́? Ìyanṣẹ́lódì ọdún 2008 ló bí àfikún ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún fún wọn, tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì san bó ṣe wù ú. Òfin ọdún 2022 tún fún olùkọ́ láyè láti ṣiṣẹ́ títí di ọmọ ọdún 65.

Ṣùgbọ́n ẹ gba títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kí ẹ ka pátákó ilé ẹ̀kọ́ aládàáni àti ọsibítù kéékèèké ní Mòwé àti Ìbàfò. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ti ń ríṣẹ́. Kò sí CONHESS níbẹ̀, kò sí 27.5. Ohun tó bá wu ẹni tó nilé iṣẹ́ ló ń san. Lóṣù October 2024, ìpínlẹ̀ Ògùn fi ₦77,000 ṣe owó oṣù tó kéré jù, síbẹ̀ a mọ olùkọ́, a mọ nọ́ọ̀sì, tí owó wọn kò débẹ̀. Òfin owó oṣù ti ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò mélòó ló sì ní tó bẹ́ẹ̀? Àwọn mìíràn kì í sanwó rárá nígbà ìsinmi gígùn. (Lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ ni olùkọ́ fi ń rọ́nà jẹun nígbà náà.) Nínú ọsibítù kéékèèké ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọge tó wọ aṣọ funfun ni kò níwèé àṣẹ nọ́ọ̀sì, owó ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n ń gbà.

A wá bi bàbá náà pé: “Ẹ̀yin bàbá, ọsibítù wo lẹ ní lọ́kàn tí yóò gbà á síṣẹ́?”

Ó ní òun kò tíì rò ó débẹ̀.